Àpótí ìwé tó jẹ mí ní ₦210,000

Ibi tó dùn mí jù ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. ₦210,000 ni mo kà lé ọ̀gbẹ́ni kan lọ́wọ́ l'Ékòó nítorí àpótí ìwé kan, owó ọkọ̀ tó gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde kò sí níbẹ̀. Ó ní ìwé Amẹ́ríkà ni, ti àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé, pé ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ bá jí pépé, fúnra rẹ̀ ni yóò máa sáré lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi ń retí rẹ̀.

Àṣàkẹ́, ọmọ mi, ló já àpótí náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Nílé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí tíṣà tó kọ ìṣirò tán sójú pátákó, ó ti ṣe tirẹ̀ tán, á wá yíjú sẹ́yìn, á máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tiwọn. Ẹjọ́ rẹ̀ ni mo ń gbọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn ni mo fi fẹ́ máa kọ́ ọ nílé. Ó mú ìwé sáyẹ́ǹsì, ó ṣí ojú ewé kejì, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní kí n kọ ẹsẹ Bíbélì sórí kí n tó ka ti ìràwọ̀." Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo ṣí ti ìṣirò: iye ọmọ ìjọ ni wọ́n ń rò pọ̀ mọ́ra wọn!

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń lọ. Ọkọ mi ń kírun. Ìdílé Agẹmọ ni bàbá rẹ̀ ti wá, lọ́jọ́ tí Agẹmọ bá sì ń kọjá, inú ilé ni èmi àti ọmọ máa ń wà. Àdéhùn wa ni pé oníkálukú á sọ ẹ̀sìn tirẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pò ó mọ́ ìṣirò. Ṣé ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn nílẹ̀ wa níbí? Tai Solarin fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, ó lọ dá Mayflower sílẹ̀ n'Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ẹ̀sìn nínú ló fẹ́. Èmi tí mo mọ ìtàn yìí láti kékeré ni mo fowó ara mi ra ìwàásù.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni náà. Ó ní, "Ìyá, ọjà tẹ́ ẹ bá ti já kì í padà."

Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé n'Ìjagun ló gbà mí. "Àǹtí, èyí tó dáa jù, ọ̀fẹ́ ni." Ó sọ nípa Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń fi sórí kọ̀ǹpútà: ẹ óò dáńlóòdù ẹ̀kọ́ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní béèrè dátà mọ́. Ìṣirò Khan Academy wà níbẹ̀, PhET tí Yunifásítì Colorado ṣe fún sáyẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀. Kò sí ìjọ, kò sí mọ́ṣáláṣí. Fífi í sórí kọ̀ǹpútà kò gba wákàtí kan.

Dídáńlóòdù ni ojú mi ti rí màbo. Dátà òru ni mo rà. Mo ń jí ní aago méjìlá, màá tẹ̀ ẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ bí ìgbín. Tó bá di aago méjì, wọ́n á mú iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà wa ò lè gbé ogún ìṣẹ́jú, màá sì tan jẹnẹrétọ̀, kí aládùúgbò má baà pariwo màá tún pa á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Lójú oorun ni mo ń wọn aṣọ fún oníbàárà l'Ókè-Ajé, ọjọ́ kan mo gé ọ̀pá mẹ́rin fún ẹni tó sanwó mẹ́ta. Ọkọ mi ń fi mí ṣẹ̀rín pé ṣé gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ kó wálé ni.

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ àbúrò mi dé lọ́jọ́ Sátidé, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Àǹtí, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ mú?" Láti ìṣirò jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ti yunifásítì ni mo ti sàmì sí. Àkòrí tí ẹ bá nílò nìkan lèèyàn ń mú, ẹ tún lè fi fláàṣì kó o láti inú kọ̀ǹpútà ẹni tó ti ní in. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní in. Ogójì ìṣẹ́jú, ó ti parí. Ẹ wá ẹni tó ní in kí ẹ tó ra dátà, mo bẹ̀ yín.

Nǹkan kejì tí ǹ bá ti ṣe ṣáájú: òfin UBE ti 2004, ti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní dandan ni kí òbí mú ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo wá bá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ládùúgbò sọ ọ́: orúkọ Àṣàkẹ́ wà lọ́dọ̀ wọn, ó ń lọ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ń ṣe ìdánwò wọn. Ọjọ́ méjì tó kù, tiwa ni.

Ìyá ọkọ mi tó ń ta gàrí náà ti di tíṣà. Ó bi í, "Kí ni àádọ́ta?" Àṣàkẹ́ ní fífítì. Màmá ní, "Ẹ̀wá dín nínú ọgọ́ta." Ọmọ yìí dákẹ́, ó fa báírò yọ, ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí: 20×3, yọ 10. Àádọ́rin, 20×4, yọ 10. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí dé àádọ́wàá, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Orí mi wú! Ló bá gbójú sókè: "Màmá, ọgbọ̀n ńkọ́? Kí ló dé tí kò tẹ̀ lé wọn?" Màmá wò mí, mo wo Màmá.

Ọ̀gbẹ́ni Èkó tún pè mí lánàá. Ó ní àpótí kíláàsì tó kàn ti dé.