Bí mo ṣe yọ bóòtì méjì tó kán sínú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà mi

Kí bóòtì tó kán, ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Èyí tó fẹ́ tú máa ń le, á ké kíìn lẹ́ẹ̀kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Èyí tó fẹ́ kán kì í ké, ńṣe ló máa ń rọ̀ lábẹ́ sípánà bíi rọ́bà. Ọwọ́ mi mọ̀ pé ó ti rọ̀, mo sì tún tẹ sípánà. Kó! Bóòtì ti pín sí méjì.

Púléètì kílọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ pààrọ̀, mo sì ní láti ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kí n tó ṣí i tán, bóòtì méjì ti kán. Ọ̀kan ku nǹkan bíi mílímítà 4 níta, èkejì kán wọnú pátápátá. Ẹ̀kẹta tú ní tirẹ̀, àmọ́ ó fa eyín tírẹ́ẹ̀dì inú ihò jáde: alumíníọ́mù wé mọ́ ọn lára bí okùn tín-ín-rín. Bóòtì mílímítà 6 ni gbogbo wọn. Irin ni bóòtì, alumíníọ́mù ni ara ẹ́ńjìnnì. Tí omi bá ti rí àyè láàárín àwọn méjèèjì, alumíníọ́mù á máa jẹra, á di ìyẹ̀fun funfun, ìyẹ̀fun náà á wú, á sì há bóòtì mọ́bẹ̀.

Èyí tó yọrí síta ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo fún epo atúpẹtà sí i, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò mira. Mo wá nu epo náà kúrò dáadáa, mo yọ tánkì epo ọ̀kadà, mo tú wáyà bátìrì, mo fi páànù bo inú ẹ́ńjìnnì, mo sì fi nọ́ọ̀tì lé kùkùté bóòtì náà lórí. Inú ihò nọ́ọ̀tì yẹn ni mo ti wẹ́ẹ̀dì wọn pọ̀. Ooru gan-an ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí alumíníọ́mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin tí ooru bá mú wọn. Mo dúró kí pípọ́n rẹ̀ lọ, mo fi sípánà yí i díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Wẹ́dìn àkọ́kọ́ já. Mo tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ké kíìn! Ayọ̀ mi ò kéré.

Ti èyí tó wà nínú ló gba sùúrù jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré mú irin ayọ-bóòtì, èyí tí wọ́n máa ń gbá sínú ihò tí wọ́n bá lu sáàárín bóòtì tó kán. Èmi ò fọwọ́ kàn án. Irin yẹn tín-ín-rín ju bóòtì tó ti kán lọ, tí òun náà bá wá kán sínú ibẹ̀, ó le débi pé bíìtì lásán, irin tí wọ́n fi ń lu ihò, ò lè lù ú. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dá ìdérí padà sáyè rẹ̀, mo fi bóòtì tó ṣì dára dè é mú, mo sì ki páìpù kékeré kan bọ ihò ìdérí náà kí bíìtì má bàa yà. Bíìtì tó ń yí sí òsì ni mo lò, mílímítà 3 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 4, mo rọra ń lù ú, mo ń kán epo sí i. Níbi tí mo ti ń lu ti 4 ni bíìtì ti gán bóòtì náà mú, òun fúnra rẹ̀ sì ń yí jáde bọ̀ wá bá mi. Ká ní kò jáde ni, ǹ bá lù ú dé 5, kí n wá fi abẹ́rẹ́ yọ eyín tó bá kù.

Ihò kẹta, èyí tí eyín rẹ̀ ti fà jáde, ni mo fi Helicoil sí, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká bíi sípíríǹgì, tó máa ń di eyín tuntun fún ihò. Mo fi téèpù sàmì sára bíìtì kó má bàa jìn jù, mo lù ú dé mílímítà 6.3, mo fi gíríìsì sí táàpù rẹ̀, irin tó ń gé eyín sínú ihò, kó lè mú ẹ̀rún dání, mo sì ń yí i ní ìdajì síwájú, ìdá mẹ́rin sẹ́yìn. Mo yí wáyà náà wọlé títí ó fi rì díẹ̀ sábẹ́ ojú ihò, mo wá gbá ìrù rẹ̀ já. Ẹ wá ìrù yẹn rí o! Igi tí mo fi gíríìsì pa lórí ni mo fi mú un jáde.

Bóòtì tuntun ni mo fi dé gbogbo rẹ̀. Mo fi gíríìsì tó ń dènà ìpẹtà pa wọ́n, mo sì fi sípánà oníwọ̀n dè wọ́n, kò kọjá 10 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí i). Nígbà tí mo tún ìdérí yẹn ṣí lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, lẹ́yìn tí mo ti fi sọ́kẹ́ẹ̀tì dẹ̀ wọ́n díẹ̀, ìka ni mo fi yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde.