Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ lọ sí Knole

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń wá ibi tó máa kó ọmọ lọ ní ọjọ́ ìsinmi, tí kò sì fẹ́ náwó púpọ̀, kó lọ wo Knole ní ìlú Sevenoaks, ní Kent. Ilé àwọn ìjòyè Sackville ni, ó sì ti wà lọ́wọ́ National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, láti 1946.

Bí ẹ bá fẹsẹ̀ rìn wọ inú ọgbà, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Àwọn yàrá inú ilé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti ń gba owó. Ẹ kúkú wọ rélùwéè láti London Bridge, kí ẹ sọ̀ ní Sevenoaks. Òkè díẹ̀ wà lọ́nà o; ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ máa làágùn.

Àwọn àgbọ̀nrín ni àwọn ọmọ máa fẹ́ràn jù. Wọ́n ń rìn káàkiri inú ọgbà náà bó ṣe wù wọ́n, àmọ́ ẹ má fún wọn ní oúnjẹ, ì báà ṣe búrẹ́dì tàbí àkàrà. Lóṣù kẹwàá, àwọn akọ máa ń jà nítorí abo, ẹ jìnnà sí wọn dáadáa. Bí ẹ bá rí ọmọ wọn tó dá dùbúlẹ̀ nínú koríko lóṣù kẹfà, kò sọnù. Ìyá rẹ̀ ló fi í pamọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ ṣòkòtò gígùn, nítorí eégbọn.