Bí Mo Ṣe Kọ́ Kẹ̀kẹ́ Kékeré Kan Láti Máa Wá Ibi Tí Ìtànṣán Ti Ń Jáde

Fisíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní agbègbè Àpáta níbí, n'Ìbàdàn. Ọjọ́ tí a dé orí ìtànṣán (radiation) ni ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Sà, kí ló dé tí wọn ò kàn rán rọ́bọ́ọ̀tì wọ ilé iṣẹ́ núklíà tó bá bàjẹ́, kó lọ palẹ̀ ibẹ̀ mọ́?"

Wọ́n ti rán an. Ní ilé iṣẹ́ núklíà Chernobyl, ní Ukraine, lọ́dún 1986, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé gun òrùlé daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn sójà ló wá fi ṣọ́bìrì da graphite, ìyẹn èédú líle inú ẹ̀rọ núklíà tó ti fọ́n síbẹ̀, nù, ẹnì kan kì í sì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó sá sọ̀ kalẹ̀. Ní Fukushima, ní Japan, nínú oṣù kejì ọdún 2017, wọ́n fa rọ́bọ́ọ̀tì kan jáde lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì torí pé ohun tí kámẹ́rà rẹ̀ ń yà ti ń ṣókùnkùn. Ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní gamma kì í ṣojú àánú sí ẹ̀rọ: iná mànàmáná tó ń fà jọ sínú àwọn ẹ̀yà kékeré inú kọ̀ǹpútà, kì í jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Àkókò ni kò sí, fún ènìyàn àti fún rọ́bọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n àtọwọ́dá ti wúlò, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tó yẹ kó dúró sí àti ibi tó yẹ kó kọjá. Mo ní mo máa ṣe kékeré rẹ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé ni mo tú. Ẹ́ńjìnnì àti táyà rẹ̀ ni mo fẹ́, ìyókù dànù. Mo fi Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré kan, sí i, mo wá so SBM-20, páìpù onírin Geiger tó máa ń dún tí ìtànṣán bá kàn án, tó sì gùn díẹ̀ ju ìka àárín lọ, mọ́ abẹ́ rẹ̀. Páìpù yìí kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí iná bíi 400 volt bá wà lára rẹ̀. Álífà tó ń tún rédíò ṣe ní Ògùnpa ló bá mi jó àwọn wáyà yẹn pọ̀. Bó ṣe gbọ́ 400 ló gbé ọwọ́ kúrò: "Tíṣà, ṣé ẹ ò fẹ́ pa mí báyìí?" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, iná náà kò lágbára tó ìyẹn. Wọ́n jó o, ṣùgbọ́n wọ́n bọ ọ̀rá rọ́bà sọ́wọ́.

Ohun tí kẹ̀kẹ́ máa wá ńkọ́? Fìtílà gáàsì àtijọ́ ìyá mi ló gbà mí. Àpò kékeré funfun tí iná máa ń tàn yòò lára rẹ̀ ní thorium nínú, èyí tó ń tú ìtànṣán díẹ̀ jáde. Àwọn tuntun tí wọ́n ń tà báyìí, yttrium ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọn ò sì wúlò fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí náà ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Inú nylon ni mo lẹ tèmi pa sí. Eruku rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ imú tàbí ẹnu ẹnikẹ́ni.

Kíkà ló gba sùúrù jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan, mo ń ka iye ìgbà tí páìpù dún láàárín ìṣẹ́jú kan: 19, 26, 17, 22. Ojú kan náà o! Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ àti ojú ọ̀run ló ń fa ìyẹn, kì í sì í dúró sójú kan. Tí páìpù bá dún nígbà 100, ó lè fi bíi 10 lé tàbí dín. Tó bá dún nígbà 10,000, bíi 100 péré ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ dúró pẹ́, ẹni tó bá sì dúró pẹ́ ń gba ìtànṣán sára.

Ètò tó ń pinnu ibi tí kẹ̀kẹ́ máa lọ wà lórí laptop mi. Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ ọ́, Gaussian process ni ọ̀nà ìṣirò rẹ̀. Ó ń méfò iye tí páìpù máa kà lójú ibi kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ bí ọkàn òun ṣe balẹ̀ tó lórí àméfò yẹn. Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kó má gba kíkà tí dídún rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́ tán.

Ní Sátidé kan, a fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà olójú-ojú bí àwọ̀n sí ilẹ̀ kíláàsì, a tẹ́ ìwé ìròyìn bò ó, àwọn ọmọ sì fi àpò náà pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo wà níta. Kò sí iná, bátìrì laptop la lò. Táyà òsì ń yára ju ọ̀tún lọ, mo dín iná rẹ̀ kù. Kẹ̀kẹ́ gbéra. Ní ibì kan ó ka 29, kíláàsì bú sẹ́kún ayọ̀: "Sà, ó ti rí i!" Ètò kò dá wọn lóhùn, ó ní kí kẹ̀kẹ́ tún dúró níbẹ̀. 20 ló kà lẹ́ẹ̀kejì, ló bá kọjá lọ. Ohun tó wù mí jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó ju rírí tó padà rí i lọ.

Kí n sọ òótọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ya èèyàn lẹ́nu. Bí èèyàn bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ohun tó ń tú ìtànṣán, ìdámẹ́rin péré ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àpò tèmi kò sì lágbára rárá. Bí ajá ọdẹ tí kò tíì gbóòórùn ẹran ni kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe ń rìn. Àfìgbà tó kan ẹ̀gbẹ́ ibi tí àpò wà, ló bá yí padà tó ń há a mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró lé e lórí. Ìdúró tó ṣe kò tó ìdajì àwọn ojú ilà tí a fà.

Àwọn ọmọ wá fi àpò kejì pamọ́. Kẹ̀kẹ́ rí ọ̀kan, ó kọ̀, kò kúrò níbẹ̀ mọ́! Nọ́ńbà kan wà nínú ètò náà tó ń sọ iye tó yẹ kó ka àìmọ̀ sí: tó bá kéré, ẹ̀rọ máa ń rọ̀ mọ́ ibi tó ti rí nǹkan, tó bá pọ̀, á máa rìn káàkiri. Mo gbé e láti 1 sí 3. Kẹ̀kẹ́ rí èkejì, ó kàn pẹ́ ni. Èwo ló yẹ kéèyàn yàn nínú ilé tí gbogbo ìṣẹ́jú ń ba ẹ̀rọ jẹ́? Àwọn ọmọ pín sí méjì lórí ìyẹn, wọ́n ṣì ń jiyàn nígbà tí mo ń fi ìgbálẹ̀ nu ṣọ́ọ̀kì kúrò nílẹ̀.