Ata rodo mi tí ewé ẹ̀ ń kákò, ohun tó padà ṣiṣẹ́ rèé

Ata rodo tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé wa l'Óṣogbo níbí, ewé orí ẹ̀ ṣàdédé ń kákò, òdòdó ń já bọ́. Mo rò pé omi ni, mo bomi sí i títí, rárá. Mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ló bá tún burú sí i. Àfìgbà tí mo yí ewé kan padà ni mo rí kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ewé tí wọ́n tò bẹẹrẹ lábẹ́ ẹ̀, tí èèrà ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Mo po ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré 1 mọ́ omi lítà 1, mo rọ ọ́ sínú ike tí wọ́n fi ń fín omi sírun, mo fín in sí abẹ́ ewé gan-an nírọ̀lẹ́, ní ọjọ́ 4 síra wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ewé àtijọ́ ò nà padà o, àmọ́ tuntun ń yọ gbọọrọ, ọpẹ́ ni! Tí ẹ ò bá rí kòkòrò lábẹ́ tiyín, ó lè jẹ́ nǹkan míì.