Bí mo ṣe fi yàrá mi háyà fún ẹni tí n kò mọ̀ rí

Yàrá kan ṣófo nílé mi, mo sì fẹ́ kó máa pa owó wọlé. Orí Airbnb, ìkànnì tí èèyàn ti ń fi ilé tàbí yàrá háyà fún àlejò, ni mo gbé e sí. Kí n tó ya fọ́tò tí àlejò máa rí, mo kọ́kọ́ ya tèmi: ara bẹ́ẹ̀dì, dígí, etí tábìlì tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ̀rí ni wọ́n máa béèrè, ọjọ́ 14 péré sì ni onílé ní lẹ́yìn tí àlejò bá lọ láti béèrè owó àtúnṣe. Ètò yìí gan-an kò sí nígbà tí Airbnb bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008. Ọdún 2011, lẹ́yìn tí àlejò kan ba ilé obìnrin kan jẹ́ ní San Francisco, ni wọ́n tó gbé e kalẹ̀.

Mo tún pe iléeṣẹ́ adójútòfò mi. Ẹ má fo ìyẹn o, torí ọ̀pọ̀ adójútòfò ilé ni kì í ka àlejò tó sanwó mọ́ ọn. Wọ́n ní kí n fowó kún un, mo fi kún un.

Ẹni méjì ló kọ̀wé sí mi. Ìràwọ̀ tí àwọn onílé fún ẹnì kan pé márùn-ún, àmọ́ ó ní kí òun fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi tààrà, ká lè bọ́ lọ́wọ́ owó tí Airbnb ń yọ. Ó dùn létí! Ṣùgbọ́n owó tó bá gba ọ̀dọ̀ Airbnb kọjá, wọ́n á dì í mú títí di nǹkan bíi wákàtí 24 lẹ́yìn àkókò tó yẹ kí àlejò wọlé. Bí yàrá kò bá rí bí mo ṣe kọ ọ́, ó lè fẹjọ́ sùn; bó bá ba nǹkan jẹ́, èmi náà ní ibi tí mo lè sá lọ. Mo ní rárá.

Ẹnì kejì kò tíì ní ìràwọ̀ kankan. Mo bi í léèrè: kí ló ń gbé e bọ̀, ta ló ń bá a bọ̀, aago mélòó ló máa dé? Ó dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yẹ ẹyọ kan sílẹ̀. Òun ni mo gbà.

Mo ti àwọn ìwé mi mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì yí nọ́ńbà tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn padà. Kámẹ́rà kan ṣoṣo, ìta ló wà, mo sì kọ ọ́ sórí Airbnb kí àlejò lè mọ̀. Láti ọdún 2024 ni Airbnb ti fòfin de kámẹ́rà nínú ilé.

Nígbà tó lọ, mo kọ ọ́ sórí Airbnb bó ṣe rí: ó dé lásìkò, ó gbọ́ràn, ó fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí. Onílé tó bá kàn yóò rí nǹkan kà.