Bí lùkúlùkú ṣe dáwọ́ dúró nínú ilé adìyẹ mi ní Kabba

Ẹ̀yin ará Òkun tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí. Tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí lùkúlùkú, àrùn adìyẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, á wọlé, adìyẹ á máa ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn ẹ̀ á lọ́ títí tí á fi máa wo òkè, ó di kó kú. Bẹ́ẹ̀ mo ń fún wọn ní Lasota, àjẹsára lùkúlùkú tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu adìyẹ, o!

Ibi tí wàhálà wà nìyí: ẹni tó ń tà á fún wa, inú náílọ́ọ̀nù lásán ló máa ń dì í sí, kò sí áìsì, oòrùn á wá máa pa á lórí ọ̀kadà títí dé ilé. Ohun tó wà láàyè ni Lasota o, àárín dígírì 2 sí 8 ló yẹ kó wà, tí ooru bá ti pa á omi lásán lẹ̀ ń fún adìyẹ.

Kúlà tó ní áìsì ni mo fi ń rà á báyìí. Mi ò lo omi tí wọ́n da kílóríìnì sí mọ́, ó ń pa á, omi kànga ni, mo sì ń po mílíìkì oníyẹ̀fun tí ò lọ́ràá mọ́ ọn, gíráàmù 2 sí lítà kan. Ẹ gba omi lọ́wọ́ àwọn adìyẹ fún wákàtí kan kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí wọ́n wá mu omi Lasota náà tán láàárín wákàtí méjì. Adìyẹ tá a bá rà lọ́jà, ọ̀tọ̀ là ń kó o sí ná.

Ọyẹ́ tó kọjá, kò sí ọrùn kankan tó lọ́, inú mi dùn gan-an. Ẹ bèèrè áìsì kẹ́ ẹ tó sanwó, torí kò sóògùn fún lùkúlùkú tó bá ti wọlé.