Ẹ yé gbé ọmọ igi wá pa sí Kétu: àṣìṣe àwọn tó fẹ́ dá igbó padà

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń hu ọmọ igi nínú ọ̀rá tà ní Kétu níbí. Bí oṣù karùn-ún bá ti ń lọ sópin, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún igi láti ọdún 1985, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì fẹ́ gbin tiwọn lọ́jọ́ yẹn. Mo ń tà, mo ń jẹ, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo máa ń padà lọ wo ibi tí wọ́n gbìn wọ́n sí, ohun tí ojú mi sì ń rí níbẹ̀ ti sú mi.

1. Ẹ ń gbin igi tòun tọ̀rá rẹ̀. Ẹ ya ọ̀rá náà kúrò. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Ẹ ń gbìn ín lóṣù kẹsàn-án torí pé ìgbà yẹn lowó yín jáde. Òjò kejì kì í pẹ́. Kí gbòǹgbò tó mọ ọ̀nà ilẹ̀, oṣù kọkànlá ti dé, ó tún wá di oṣù kẹta kí omi tó kán.

3. Owó tó yẹ kẹ́ ẹ fi bọ́ igi lẹ fi ń bọ́ èèyàn. Ibí yìí ni inú ti ń bí mi.

Ẹgbẹ́ kan wá láti Kùtọnu lọ́dún kan, wọ́n ra ọmọ igi ẹgbẹ̀ta lọ́wọ́ mi. Wọ́n yá àgọ́, wọ́n yá àga, wọ́n ránṣọ aláwọ̀ ewé fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n pe onílù, wọ́n sè ìrẹsì. Àwọn èèyàn ńlá sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ ọmọ igi lágbárí, nígbà tí wọ́n sì parí ọ̀rọ̀, gbogbo ewé ti sorí kọ́. Mo fọkàn ṣírò rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí: owó àgọ́ àti ti ìrẹsì nìkan ì bá san owó ọ̀dọ́kùnrin kan tí yóò máa bomi rin wọ́n fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ewúrẹ́ dé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mọ́kànlá péré tó ṣì yè ni mo kà.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Wọ́n tún padà wá lọ́dún kejì! Wọ́n ra ẹgbẹ̀ta mìíràn, wọ́n gbìn ín sínú kòtò ọdún tó kọjá, torí kòtò ti wà nílẹ̀, kò sí pé wọ́n ń sanwó agbẹ́lẹ̀. Mo gbowó mi. Òun ni mo fi kan páànù ilé mi, ẹ máa bú mi.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹn nìkan. Lọ́dún 2013, ìjọba ní kí mílíọ̀nù 10 èèyàn gbin mílíọ̀nù 10 igi. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n iye tá a gbìn la máa ń gbọ́ lórí rédíò, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n ka èyí tó yè. Bó bá jẹ́ èmi ni mo lowó yín, àádọ́ta igi péré ni mo máa rà. Màá fẹ̀gún sọgbà yí wọn ká, màá ri ìkòkò amọ̀ tó ń jò díẹ̀díẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó tó bá kù á di ti ẹni tó ń pọn omi.

4. Ẹ ń gbin tẹ́ẹ̀kì, ẹ wá ń pè é ní igbó. Ará Éṣíà ni tẹ́ẹ̀kì. Òpó iná dára lára rẹ̀, igi òrùlé náà dára, ṣùgbọ́n oko ni. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí ẹyẹ méjì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba mọ̀yàtọ̀: ní igbó Lama, ẹ̀bá ni tẹ́ẹ̀kì wà, àárín gbùngbùn rẹ̀, hẹ́kítà 4,777, igi ilẹ̀ wa ni wọ́n dá sí níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀bọ oníkùn pupa ṣì ń gbé.

Èyí tó tẹ̀ lé e, èmi gan-an ni mo ṣe é. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ní ìrókò ni màá gbìn, kí orúkọ mi lè dún. Mo to ọ̀ọ́dúnrún rẹ̀ sójú oòrùn, ó gún régé bí ọmọ iléèwé. Kò pẹ́ tí kókó bẹ̀rẹ̀ sí í wú lórí ọ̀mùnú gbogbo wọn. Kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma ló ń wọ inú rẹ̀, tí orí igi á sì rà. Ibi tí ìrókò bá pọ̀ lójú kan ni àsè rẹ̀ wà. Mẹ́rin ló ṣẹ́ kù: àwọn tí mo kà sí aláìsàn, tí mo jù sẹ́yìn ilé, tí wọ́n ta gbòǹgbò lábẹ́ igi ọsàn ìyàwó mi. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹ da ìrókò pọ̀ mọ́ igi mìíràn, níbi tó bá ní ìbòòji.

Ìkẹfà (àbí ìkarùn-ún ni?): ẹ ń lọ bá mérì, olórí ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ tó lọ bá àwọn bàbá tó ń ṣọ́ igbó òrìṣà. Lọ́dún 1998 wọ́n ka igbó òrìṣà 2,940 ní Bẹ̀nẹ̀, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ hẹ́kítà 18,360. Ẹ pín in, hẹ́kítà mẹ́fà àti díẹ̀ ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú ohun kékeré yẹn ni irúgbìn tí kò sí níbòmíràn mọ́ wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ìjọba pàṣẹ lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú wọn, ìwé sì dára, ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ló ń ṣọ́ igbó Orò lóru. Mo ti fìgbà kan gbé okùn ìwọnlẹ̀ wọ etí igbó kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àgbò kan, obì àti ọtí ni mo san. Bàbá tó gbà á lọ́wọ́ mi ní, "Ọmọ mi, o ò bá ti béèrè, ọ̀fẹ́ ni ì bá jẹ́."

Ẹ̀yin ará Sábẹ̀, ọ̀rọ̀ iná. Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má dáná rárá, koríko wá ga ju èèyàn lọ, iná oṣù kejì wá kó gbogbo rẹ̀ jẹ. Ẹ tètè sun etí ibẹ̀ nígbà tí koríko ò tíì gbẹ tán, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti ń ṣe.

Kùkùté igi kósò tẹ́ ẹ ń hú kẹ́ ẹ lè ráyè gbin igi tuntun, ó ń rúwé padà fúnra rẹ̀. Igi tí wọ́n gé títí wọ́n fi fi í sábẹ́ ìṣọ́ àgbáyé lọ́dún 2016, ẹ ń hú gbòǹgbò rẹ̀!

Bí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì pé igbó lè padà, Peter Neuenschwander, ọmọ Súwísì tó jẹ́ onímọ̀ kòkòrò, dá nǹkan bíi hẹ́kítà 14 padà ní Drabo, ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ níbí. Ó ra ilẹ̀ tó ti ṣá, ó kó ọmọ igi wá láti inú igbó tó ṣẹ́ kù káàkiri, ó sì gbé níbẹ̀ tì í.

Ẹni tó bá fẹ́ rajà lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí, kó mú orúkọ ẹni tí yóò máa pọn omi dání. Bí kò bá ní, aládùúgbò mi ń ta tẹ́ẹ̀kì.